Ìwé Tí Jáfẹ́tì Kò Kà

Ọ̀sán gangan ni Bàbá Jónà ti Òbbò-Ilé máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní olè ló ń dúró de òru. Ó ní nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, tí òjìji ènìyàn sì sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ènìyàn kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan mọ́, ìgbà náà gan-an ni à ń rí i mú. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ó ń wo ilẹ̀ lábẹ́ bàtà Jáfẹ́tì, bí ẹni ń wá nǹkan tí ó já bọ́.

Orúkọ ìrìbọmi ni Jónà tí bàbá náà ń jẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ omi ní kékeré, ṣùgbọ́n omi náà kò dé àpò oògùn rẹ̀. Jáfẹ́tì Àtóyèbí, ọmọ Ìlọ́fà, olùkọ́ yunifásítì, ẹni tí ó máa ń fi èdè òyìnbó bú àwọn tó gba oògùn gbọ́, òun náà ló wá jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀ yìí, tí òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

"Ùwọ alákọ̀wé," ni bàbá wí, "kí lo wá ṣe lọ́dọ̀ ará oko?"

"Bàbá, iṣẹ́ mi ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi."

Irọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Iṣẹ́ náà kò tíì di tirẹ̀ rí. Ọdún keje nìyí tí ó ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ẹ̀ka kan tí yunifásítì kan kọ́ sẹ́yìn ìlú Òsí, lọ́nà Ìlọ́fà, níbi tí àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń wá kàwé kún ìwé. Olùkọ́ onígbà-díẹ̀ ni. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹfà bá ti ń parí lọ, lẹ́tà kan a dé pé inú wọn dùn láti tún gbà á fún ọdún kan sí i. Jáfẹ́tì ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì lórí lẹ́tà ọdún kan, ọdún kan. Kò lè gba ilé yunifásítì, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí yóò wà lẹ́yìn ọdún, àna rẹ̀ kò sì yé bi í pé, "Ṣé wọ́n ti wá gbà yín tán báyìí?"

Lọ́dún 1984 yìí ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Àwọn ológun ti gbàjọba, wọ́n ń já òṣìṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni ń gbọn èso igi. Ọ̀gá ẹ̀ka náà, Dókítà Abdulwahab, pe àwọn olùkọ́ onígbà-díẹ̀ méjèèjì tó ń kọ́ ìtàn, ó ní ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kù, ẹni náà ni yóò di òṣìṣẹ́ tòótọ́, ẹnì kejì yóò máa lọ ilé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan yóò wá láti bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Jáfẹ́tì ni ẹnì kan. Dámárísì ni ẹnì kejì.

"Obìnrin ni?" ni Bàbá Jónà béèrè.

"Obìnrin ni, Bàbá."

"O fẹ́ kó kú?"

"Èèwọ̀ o! Kó má kàn rí ọ̀rọ̀ sọ níwájú wọn ni. Kí ohun tó wà lórí rẹ̀ sá lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ùwọ lo ṣàánú jù! Ẹni tí ohun orí rẹ̀ bá ti sá lọ, kí ló kù lára rẹ̀?" Ó nu ẹnu rẹ̀. "Lọ mú ùwé wá, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. È é ṣe orúkọ nìkan o. Ọ̀rọ̀ tó gùn, tó jẹ́ pé làákàyè rẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Bó o bá ti ya á, ká a pọ̀. Má kà á. Ẹni bá kà á ti bá a pín nínú rẹ̀."

Jáfẹ́tì dìde. Ó wo ilẹ̀, kò sì rí òjìji ara rẹ̀ rárá. Ó mọ̀ pé oòrùn ló fà á, ṣùgbọ́n ó sáré dé ibi tí ó gbé alùpùpù rẹ̀ sí.

*

Yàrá kan, tábìlì kan ni yunifásítì fún àwọn méjèèjì. Láti oṣù kẹta ni Dámárísì ti fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà gba àárín tábìlì náà, bí wọ́n ti ń pa ààlà oko.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Òsí ni Dámárísì, ọdún méjì ni Jáfẹ́tì fi jù ú lọ, Bùrọ̀dá Jáfẹ́tì ni ó sì máa ń pè é. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n lọ, pàṣán kan náà ló nà wọ́n, pàṣán Tíṣà Èlíjà, ẹni tó gbà pé ọ̀nà kan péré ni ó wà láti kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọmọ tó ti abẹ́ rẹ̀ jáde ló ń kọ̀wé roboto, tó dúró ṣánṣán, bí ẹ̀wà tí wọ́n tò. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì jọ wọ yunifásítì, wọ́n jọ rìnrìn àjò lọ wo ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ ní Kàdúná, wọ́n jọ jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ ẹyọ iṣẹ́ kan ló sọ Bùrọ̀dá Jáfẹ́tì di "Ọ̀gbẹ́ni Àtóyèbí."

"Ọ̀gbẹ́ni Àtóyèbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ìwé yín kúrò ní ilẹ̀ mi," ni Dámárísì wí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

"Ilẹ̀ ẹ? Tábìlì yunifásítì di ogún bàbá ẹ?"

"Tó bá di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, odindi rẹ̀ á di tèmi."

Ó tú bébà kékeré kan, ó da nǹkan dúdú lúbúlúbú sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ètè rẹ̀ dúdú kirimú.

"Kí lò ń lá yẹn?"

"Àádùn ni."

"Àádùn dúdú?"

"Àgbàdo tiwa ló dúdú," ni ó wí, ó sì fi ahọ́n nu ètè rẹ̀, ó ń wò ó láìṣẹ́jú.

Jáfẹ́tì mọ ìsọ̀yè nígbà tó bá rí i. Kò sí ọmọ ilé-ìwé kan ní gbogbo agbègbè yẹn tí kò mọ oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé ohun tó kọ́. Inú bí i gidigidi. Obìnrin yìí ti ń ṣe tirẹ̀, òun wá ń pe ara òun ní ìkà! Nígbà tó ṣí páálí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ láti lọ kọ́ni, ó bá òwú dúdú àti funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ àkúfọ́ ṣọ́ọ̀kì kan, ó ní kókó méje. Ó fi ìwé mú un, ó lọ jù ú sínú ṣáláńgá.

Bó ti wù kí ó rí, ó kọ́ni dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ló ṣe, èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ. "Kí ẹ tó gba ìwé àtijọ́ kan gbọ́," ni ó wí, "ẹ kọ́kọ́ béèrè: ọwọ́ ta ni? Ẹ má tẹjú mọ́ orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé lè kọ ọ́ fún ajẹ́lẹ̀, ọmọ lè kọ ọ́ fún bàbá. Ọwọ́ ta ni?" Gbogbo kíláàsì bá a dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: "Ọwọ́ ta ni!"

Ọ̀sán ni ó padà sí yàrá. Ìjàlọ ti gba ojú fèrèsé wọlé ní apá ti Dámárísì. Wọ́n tò lórí ìwé obìnrin náà, wọn kò dúró níbẹ̀, wọ́n dé ìlà ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì dúró. Jáfẹ́tì ń wò wọ́n. Wọ́n tẹ̀lé ìlà náà gbọọrọ dé etí tábìlì, wọ́n yà sí apá tirẹ̀, wọ́n gun orí àga rẹ̀, wọ́n sì kóra jọ síbẹ̀ tí àga náà fi dúdú.

Salamot, akọ̀wé ọ́fíìsì, tó mú tíì wọlé, ni ó ké. "Àsìtàgàfúrúláì! Ọ̀gá, ẹ má jókòó síbẹ̀ o! Àga yín nìkan ni wọ́n rí ni?"

*

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni Jáfẹ́tì jí ìwé náà. Ọ̀gá Abdulwahab àti Salamot ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, Dámárísì ń kọ́ni lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú agolo mílíìkì tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ní apá ti Dámárísì, ó bá ìwé mẹ́rin ẹlẹ́yìn dúdú. Biro pupa ni ó fi kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, "Kàdúná, 1979" sì wà lábẹ́ rẹ̀. Jáfẹ́tì mú ìkẹta. Kò yàn án, ọwọ́ rẹ̀ kàn bà lé e ni. Ó ṣí i láàárín, ó rí i pé pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkọ̀wé roboto tó dúró ṣánṣán, ó sì yára gbé ojú sókè kí ó má baà ka ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ ara páálí ìṣáná, ẹni tí ó ń ka bébà tí wọ́n fi di ẹ̀pà, ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò kàwé láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ó ya odindi ewé ìwé kan. Bó ti ya á ni apá ọ̀tún rẹ̀ kú títí dé ìgúnpá, bí ẹni pé ó ti ń kọ̀wé láti àárọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀. Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó sì lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìdọ̀fin lọ́jọ́ kejì, ẹnu Dámárísì ni Jáfẹ́tì ti gbọ́ ọ, nígbà tí gbígbọ́ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Dámárísì lọ gba ìsọ̀yè rẹ̀ tó kù lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, Àbẹ̀bí, arúgbó tí kò ga ju ilẹ̀kùn ilé adìẹ lọ, tí gbogbo Ìdọ̀fin ń kí láti òkèèrè. Obìnrin náà ń yan ẹ̀gúsí nígbà tó dé. Kò gbójú sókè.

"Ẹnìkan ti ṣí ùwé rẹ," ni ó wí.

"Àǹtí, ìwé wo?"

"Bí mo bá mọ ùwé, ṣé ibí ni mo á jókòó sí?" Ó ń yan ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. "Òórùn pẹ́ńsù ń ta sí mi nímú láti àná. Ta lò ń bá jà?"

Dámárísì jẹ́wọ́. Ó sọ ti òwú oníkókó méje tó fi sínú ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí Àǹtí má bínú, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni òun ti gbà á. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ó fún òun ní èyí tó le, èyí tí yóò mú Jáfẹ́tì dùbúlẹ̀ títí Ọjọ́bọ̀ yóò fi kọjá.

Àbẹ̀bí gbé ìgbakọ sílẹ̀. "Èmi è é rán ìjà. Ohun tí wọ́n bá rán sí ọ, mo á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo á ní kó lọ béèrè ẹni tó ni í kó tó wọlé. Bó bá jẹ́ tìrẹ, á bá ọ. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíì, á mọ̀nà ulé olúwa rẹ̀."

Ó tú omi tútù sí ojú ọ̀nà àbáwọlé lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí. Dámárísì rò pé arúgbó ti ń darúgbó ni. Ó bínú lọ sílé.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan náà, Bàbá Jónà di ewé ìwé náà mú láàárín ìka méjì, kò ṣí i.

"Ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ ọ́?"

"Orúkọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìwé náà, Bàbá."

"È é ṣe orúkọ ni mo bi ọ́. Ọwọ́ ni mo bi ọ́."

Jáfẹ́tì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Bí n kò bá mọ ọwọ́ tó kọ ìwé, ta ni yóò mọ̀ ọ́n?"

"Ó dáa." Bàbá fi ìwé náà sínú àpáàdì, ó kó ewé kan tí Jáfẹ́tì kò mọ̀ lé e, ó fi ẹyin iná sí i. Iná náà kò ràn. Èéfín funfun kan ló dìde, ó dúró ní ọ̀gangan orí wọn láìlọ, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ń fẹ́.

"Eérú kì í rántí igi," ni bàbá wí pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́. "Ìkòkò fífọ́ kì í rántí ọbẹ̀. Ọ̀nà tí koríko hù bò kì í rántí ẹsẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ kọ èyí, kó má rántí."

Ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ilé dìde lójijì, ó tẹjú mọ́ Jáfẹ́tì, ó sì ké lẹ́ẹ̀kan. Èéfín náà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá wò ó, ó sì wo Jáfẹ́tì láti orí dé ẹsẹ̀.

Nígbà tí Jáfẹ́tì dé oríta, ó dá alùpùpù rẹ̀ dúró. Ọ̀nà kan lọ sí Òkè-Ópin, èkejì lọ sílé. Ó ti gba oríta yìí láti kékeré. Ó dúró síbẹ̀ títí obìnrin kan tó ru igi fi kọjá, ó sì bi í léèrè ọ̀nà Ìlọ́fà bí àlejò.

Lọ́jọ́ Àìkú, òun ló ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kà á já gaara, ó pa ìwé dé, kò sì mọ ibi tó ti dìde. Ó dúró níwájú ìjọ, ó ń wo àga, àga ń wò ó, títí Fúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ fi wá fà á lọ́wọ́.

"Bàbá Ìbejì, kí ló dé?"

"Oòrùn ni."

Nílé, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wá kí i. Ó gbé ọmọ náà lé orí itan, ó ń wo ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ni. Ó mọ̀ pé Táíwò tàbí Kẹ́hìndé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì náà dún létí rẹ̀ bí orúkọ ìlú tí kò dé rí. Ẹ̀rù bà á débi pé ó sọ ọmọ náà kalẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

"Ọwọ́ Dámárísì ni," ni ó wí. "Ọwọ́ obìnrin yẹn ni! Ó ti mú mi!"

*

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó padà sí Òbbò-Ilé. Bàbá Jónà ti rí i lókèèrè, ó sì ti dìde lórí àpótí kí ó tó dé.

"Bàbá, ó ń jà padà. Orí mi ń tú. Lánàá, mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, mo di ṣọ́ọ̀kì mú, n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe."

Bàbá ké sókè. "Ṣé obìnrin náà ti ń gbàgbé?"

"Kò gbàgbé nǹkan kan! Ó ń kọrin káàkiri ọ́fíìsì!"

Bàbá ka ìka rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò nǹkan. "Ọmọ mi," ni ó wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti ẹni tó rẹ́rìn-ín níjọ́sí, "ma tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ùwé yẹn, ọwọ́ ta ni?"

Bí Jáfẹ́tì bá ní sùúrù díẹ̀ ni, bóyá ì bá rántí. Ṣùgbọ́n ìlara ti gba ibi tí ìrántí ń gbé. Oore tí ènìyàn ṣe kí ìlara tó wọlé, ìlara a máa kọ́kọ́ pa ìyẹn jẹ. "Ọwọ́ rẹ̀ ni, Bàbá! Ẹ fi kún un! Ohun tí ẹ ṣe kò tó, ẹ fi kún un!"

"Bí mo bá fi kún un, è é ṣe é mú kúrò mọ́."

"Ẹ fi kún un."

Bàbá Jónà kó eérú ọjọ́ Sátidé jáde, ó fi kún un, lábẹ́ oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà tó parí, kò dágbére fún un. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

*

Ọjọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ ti dé láti àárọ̀, ọkùnrin mẹ́rin tó wọ kóòtù, Dókítà Abdulwahab sì jókòó láàárín wọn. Dámárísì ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Jáfẹ́tì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́ tí Fúnmilọ́lá kọ nǹkan sí fún un: orúkọ rẹ̀, orúkọ ìwé tó kọ, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń kà á, ó sì ń tún un kà. Bó bá ti gbójú kúrò ló ń lọ.

Ó ń gbọ́ ohùn Dámárísì láti inú yàrá, ó ń lọ geere, wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín. Ó kórìíra ohùn náà dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Agogo ku díẹ̀ kó lu méjìlá nígbà tí Dámárísì jáde. Kò kọjá lọ. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé ẹlẹ́yìn dúdú kan, ó ṣí i láàárín, níbi tí wọ́n ti ya ewé kan.

"Ìwọ lo ya á," ni ó wí. "Má jiyàn. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀, mo fi í pamọ́ dòní kí n lè sọ ọ́ fún ẹ níbí." Ó sọ ti Àbẹ̀bí fún un, ó sọ ti omi lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ pátá, ojú rẹ̀ le bí òkúta Òsí. "Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni ìdí tí nǹkan kan kò fi ṣe mí. Àfi ìgbà tí mo ṣí ìwé náà. Bùrọ̀dá Jáfẹ́tì, wò ó dáadáa. Ọwọ́ ta ni?"

Ó wò ó. Lẹ́tà roboto, lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, ọwọ́ Tíṣà Èlíjà.

"Àpólò mú mi lójú ní Kàdúná," ni Dámárísì wí. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò fi rí iná. Ò ń lọ da ìwé kọ lọ́sàn-án fún ara ẹ, tó bá di ìrọ̀lẹ́ o jókòó sẹ́bàá ẹní mi, o tún un kọ sínú ìwé tèmi kí n má baà pòfo. Ìwé kejì àti ìkẹta, kò sí lẹ́tà kan tèmi níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo kọ."

Gbogbo rẹ̀ padà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá kékeré náà, òórùn oògùn ojú, pẹ́ńsù tó kúrú títí kò fi ṣeé dì mú mọ́. Ẹni tó fọwọ́ kọ èyí. Ẹ fi kún un. Ó yíjú sí ilẹ̀. Oòrùn ti kan àtàrí, kò sì sí òjìji kankan lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ò bá ti sọ fún mi," ni ó wí. "Lọ́jọ́ Ajé. Ò bá ti sọ fún mi."

"Iṣẹ́ kan ló wà," ni Dámárísì dá a lóhùn.

Salamot yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gbẹ́ni Àtóyèbí!" Ó tún pè é. Jáfẹ́tì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Salamot ló wá mú un lápá wọlé, Bísímílà lẹ́nu rẹ̀. Ìwé Fúnmilọ́lá já bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì mọ̀.

Dókítà Abdulwahab fẹ́ràn rẹ̀, ó fẹ́ fi ìbéèrè tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Ó ti lẹ́tà àtijọ́ kan sí i lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gbẹ́ni Àtóyèbí, ìbéèrè tiyín la fẹ́ bi yín, èyí tí àwọn ọmọ fi ń pè yín. Ọwọ́ ta ni?"

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà tẹ́tí. Jáfẹ́tì la ẹnu rẹ̀, ẹnu náà sì wà ní lílà títí wọ́n fi sáré lọ pe ìyàwó rẹ̀.

*

Dámárísì gba lẹ́tà rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ó kà á lórí ìdúró ní ọ́fíìsì. Nítorí bí nǹkan ti rí nílùú, ni lẹ́tà náà wí, ipò tòótọ́ kò tíì sí, ṣùgbọ́n inú wọn dùn láti tún gbà á fún ọdún kan sí i. Wọ́n ní kí ó kọ ìwé kan jáde kí ọdún náà tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ó jókòó sídìí tábìlì tó di tirẹ̀ pátápátá, ó gbé orí lé e, ó sì sunkún ìbínú.

Ewé ìwé tí Jáfẹ́tì ya náà ni ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ dá lé. Ibì kan ṣoṣo ni ẹ̀dà rẹ̀ wà.

Ó lọ sí Ìlọ́fà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Fúnmilọ́lá kò kí i, ṣùgbọ́n kò lé e. Ó ní ọkọ òun kì í da ẹnikẹ́ni láàmú, bí wọ́n bá ti fún un ní ìwé àti pẹ́ńsù, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò dà kọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Dámárísì wá ìwé Kàdúná ti Jáfẹ́tì fúnra rẹ̀ nínú àpótí, ó ṣí i síwájú rẹ̀, ó sì gbé ìwé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ewé ti ya.

Jáfẹ́tì kò wo ojú rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, roboto, ṣánṣán, láìṣìnà kankan. Nígbà tó parí, Dámárísì na ọwọ́ láti gba ìwé náà. Jáfẹ́tì fà á sẹ́yìn.

"Ọwọ́ ta ni?" ni Dámárísì bi í. Kò mọ ohun tó mú òun bi í.

"Ti Dámárísì ni," ni Jáfẹ́tì wí, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ojú ló ń dùn ún, mo ń bá a kọ ọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn."